Akọ̀wé Kóòtù Ìlú Laubach

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ọ̀tà àti Sàngó, ẹ mọ irú ènìyàn tí akọ̀wé kóòtù í ṣe. Òun kọ́ ni adájọ́, òun kọ́ ni lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìwé ń gbà kọjá. Ìtàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a mú wá lónìí. Friedrich Kellner ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí a bí ní 1885. Ní oṣù kìíní 1933 ó dé Laubach, ìlú kékeré kan, láti ṣe olórí àwọn akọ̀wé kóòtù níbẹ̀. Ní oṣù náà gan-an ni Hitler gorí àlééfà.

Kellner ti ń bá ẹgbẹ́ Nazi jà ní gbangba ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú kọlu àwọn Júù ní oṣù kọkànlá 1938, ó tọ adájọ́ lọ pé kí a pe àwọn aṣáájú wọn lẹ́jọ́. Adájọ́ kọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdílé Pauline aya rẹ̀ wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ Júù wà níbẹ̀!

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1939, tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìkọ̀kọ̀ kan. Ní 1940 wọ́n pè é, wọ́n sì fi àgọ́ ìfìyàjẹni halẹ̀ mọ́ ọn; síbẹ̀ kò dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Ìwé 10, ojú ewé 861, ni ó kọ kún títí di 1945. Kí ni ó sì fi kún un? Ìwé ìròyìn ìjọba náà fúnra rẹ̀ ni, èyí tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń kà láràárọ̀. A gé e, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé, a sì kọ èsì sí i. (Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ba àwa oníwèé ìròyìn díẹ̀.) Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1941, ó kọ ohun tí ọmọ ogun kan tí ó wá sinmi ní Laubach sọ: níṣojú òun ni a to àwọn Júù, tọkùnrin tobìnrin, níhòòhò sí etí kòtò ní Pólándì, tí a sì yìnbọn pa wọ́n.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ará Jámánì ni ó wí pé àwọn kò gbọ́. Akọ̀wé ìlú kékeré gbọ́.

Àwọn kan yóò bi wá léèrè pé, èéṣe tí kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀? Lóòótọ́, owó oṣù ìjọba yẹn ni ó ń jẹ títí ogun fi parí. A kò ní fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni yóò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílé fún ọdún mẹ́fà?

Lẹ́yìn ogun ó ṣe igbákejì olórí ìlú ní Laubach. Ní 1968 ó kó ìwé náà lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kú ní 1970. Ọdún 2011 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Jámánì.