Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Kọ́kọ́ Dé Accra, Àmọ́ Iṣẹ́ Ò Lè Dúró Dè É

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2021, ọkọ̀ òfuurufú kan balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Kotoka nílùú Accra. Ẹrù tó gbé wá ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà 600,000 tí iléeṣẹ́ Serum Institute ṣe ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Gánà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tó rí abẹ́rẹ́ gbà lábẹ́ ètò COVAX, ìyẹn ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àtàwọn àjọ míì dá sílẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn ò pọ̀ má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló dé Côte d'Ivoire. Ó dé Nàìjíríà ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, ó sì dé Tógò ní ọjọ́ 7, oṣù yẹn kan náà.

Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn lọ́jọ́ tí ẹrù yẹn dé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gba abẹ́rẹ́ náà, torí náà èèyàn 300,000 péré ló máa kárí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 30.8 sì ni èèyàn tí wọ́n kà ní Gánà lọ́dún yẹn. Tí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ, ẹnì kan ṣoṣo ló máa rí i gbà. Àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù ńkọ́? Àwọn náà ní owó ilé tí wọ́n ń san, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Ìlú Pa Rọ́rọ́

Ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 2020 ni ìjọba kéde pé kòrónà ti wọ Gánà. Èèyàn méjì ló kó o, ọ̀kan ti Norway dé, ìkejì ti Turkey dé. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ti àwọn iléèwé pa. Ní ọjọ́ 22, wọ́n ti ẹnubodè. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fín oògùn apakòkòrò sí ọjà 137 ní Accra àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 30, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Accra àti Kumasi.

Nígbà tí Ààrẹ Nana Akufo-Addo ń kéde òfin náà, ó ní àwọn mọ bí àwọn ṣe lè jí ọrọ̀ ajé dìde, àmọ́ àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń jí òkú dìde. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Síbẹ̀, kò pẹ́ tó fi hàn pé òfin kan náà ò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Akọ̀wé báǹkì tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kó ṣiṣẹ́, kí owó oṣù sì wọlé. Àmọ́ àwọn alábàárù tó ń fi orí ru ẹrù ní ọjà Makola, àwọn tí wọ́n ń pè ní kayayei lọ́hùn-ún, ò lè ru ẹrù láti ilé. Ọ̀dọ́bìnrin tó wá láti àríwá Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n bá rí lójúmọ́ ni wọ́n fi ń jẹun lójúmọ́. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fún awakọ̀ trotro àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀. Mọ́tò akérò ni trotro, bíi danfo l'Ékòó. Ìjọba ní kí wọ́n dín èrò tí wọ́n ń kó kù kí àyè lè wà láàárín wọn, èyí sì túmọ̀ sí pé owó tó ń wọlé máa dín kù, nígbà tí epo ò dín.

Ìjọba ò káwọ́ gbera. Wọ́n pín oúnjẹ láwọn àdúgbò tí òfin náà dé. Wọ́n san owó omi fún aráàlú láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹfà. Àwọn tí iná tí wọ́n ń lò kéré jù lọ ò san nǹkan kan, ìjọba sì bá àwọn tó kù san ìdajì owó iná. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, àmọ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ò lè rọ́pò iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, wọ́n fòpin sí kónílé-ó-gbélé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, àmọ́ ó ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Ìwádìí tí àjọ tó ń rí sí ìṣirò ní Gánà àti Báǹkì Àgbáyé ṣe láàárín ọdún yẹn fi hàn pé wọ́n dín owó oṣù nǹkan bí òṣìṣẹ́ 770,000 kù, nǹkan bí 42,000 sì pàdánù iṣẹ́ wọn pátápátá.

Ọ́fíìsì Wọnú Ilé

Kí kòrónà tó dé, ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbà pé ẹni tí àwọn ò bá rí lórí àga rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó di dandan kí wọ́n yí èrò wọn pa dà. Ìpàdé bọ́ sórí Zoom, ìwé tí wọ́n ń gbé láti tábìlì kan sí òmíì bọ́ sórí WhatsApp àti í-meèlì. Ní Nàìjíríà náà, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele 12 sísàlẹ̀ jókòó sílé.

Ṣé ẹ rò pé iṣẹ́ àtilé rọrùn? Ẹ fojú inú wo tọkọtaya kan tó ń gbé yàrá méjì, tí wọ́n jọ jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Iléèwé wà ní títì, torí náà àwọn ọmọ wà nílé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà. Ọkọ fẹ́ wọ ìpàdé aago mẹ́wàá, ìyàwó náà ní ìròyìn tó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán, dátà sì ti fẹ́ tán. Tí iná bá lọ, owó ta ni wọ́n máa fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Iná ọ́fíìsì àti íntánẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ ń san tẹ́lẹ̀ ti di ìnáwó òṣìṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ló tún ń dáná, tó ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ iléèwé, tó sì ń dá ọ̀gá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó náà yí pa dà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ Gánà ṣètò pé kí ẹni tó bá fi owó tí ò ju 100 sídì ránṣẹ́ lórí fóònù má san owó iṣẹ́ kankan fún oṣù mẹ́ta. Ìwádìí tá a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan sọ pé iye tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn okòwò ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí fóònù tàbí tó túbọ̀ ń lò ó. Ìyá ọlọ́jà tí ò ní ọ́fíìsì rárá ti rí ọ̀nà tirẹ̀ láti tajà láìfọwọ́ kan owó.

Nígbà tí àrùn náà tún gbérí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, Ààrẹ ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti aládàáni pín òṣìṣẹ́ wọn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, kí àwọn kan wá lónìí, kí àwọn míì wá lọ́la, kí wọ́n sì máa lo íntánẹ́ẹ̀tì níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Àwọn tó ń ṣòfin fúnra wọn ò mórí bọ́. Ní oṣù Kejì, Olórí Ilé Aṣòfin, Alban Bagbin, kéde pé ó kéré tán, aṣòfin 17 àti òṣìṣẹ́ ilé náà 151 ti kó àrùn náà. Wọ́n ti Ilé Aṣòfin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìkéde yẹn ni abẹ́rẹ́ dé.

Bí Wọ́n Ṣe Pín In

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, ọdún 2021, Ààrẹ Akufo-Addo àti ìyàwó rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ lójú gbogbo ayé kí ẹ̀rù lè kúrò lára aráàlú, torí àhesọ ti gbòde pé abẹ́rẹ́ náà máa sọ èèyàn di àgàn tàbí kó pa á. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní agbègbè 43 tí àrùn náà ti le jù. 25 nínú wọn wà ní ẹkùn Accra, 16 wà ní ẹkùn Ashanti, méjì sì wà ní ẹkùn Àárín Gbùngbùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọn tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, àwọn tó ní àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àtàwọn tó di ipò pàtàkì mú, títí kan àwọn agbófinró, olùkọ́ àti oníròyìn.

Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ amúǹkantutù, torí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n lè dì sẹ́yìn ọ̀kadà kí wọ́n sì máa lọ. Ibi tí ọ̀nà ò bá dáa, bàálù kékeré aláìláwakọ̀ ti iléeṣẹ́ Zipline, èyí tó ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sáwọn ilé ìwòsàn ní Gánà láti ọdún 2019, ló gbé e lọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kan abẹ́rẹ́ kejì. Àrùn náà gbóná janjan ní Íńdíà, ìjọba ibẹ̀ sì dá èyí tó yẹ kó lọ sókè òkun dúró. Àwọn tó ti gba àkọ́kọ́ l'Accra ń ka ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, Gánà rí 350,000 gbà látọ̀dọ̀ Kóńgò-Kinshasa, èyí tí ibẹ̀ ò ní lè lò tán kó tó bà jẹ́. Ìjọba tún fẹ́ ra Sputnik V ti Rọ́ṣíà nípasẹ̀ alágbàtà. Nígbà tí aráàlú gbọ́ pé dọ́là 19 ni wọ́n fẹ́ san fún ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ń tà ní dọ́là 10, ariwo sọ, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin sì wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó di oṣù Kẹsàn-án kí abẹ́rẹ́ Moderna tó lé ní mílíọ̀nù kan tó dé láti Amẹ́ríkà.

Ó Di Ọ̀rọ̀ Ibi Iṣẹ́

Nígbà tí abẹ́rẹ́ wá pọ̀ díẹ̀, èrò ò ya wá gbà á bí ìjọba ṣe rò. Láti ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 2021, wọ́n sọ ọ́ di dandan fún àgbàlagbà tó bá gba Kotoka wọlé. Wọ́n tún kéde pé láti oṣù Kìíní ọdún 2022, ó máa di dandan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ ìlera, agbófinró, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ wọn. Àwọn kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí èèyàn ò gbọ́dọ̀ kó àrùn ran ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọ́fíìsì tàbí mọ́tò kan náà. Àwọn míì ní kò yẹ kí wọ́n fi oúnjẹ ẹnu ẹni halẹ̀ mọ́ni.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2022, lílo ìbòmú ò tún pọn dandan mọ́, wọ́n sì ṣí ẹnubodè orí ilẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa tó ń gba Cotonou àti Lomé lọ sí Accra mọ ohun tí ọdún méjì yẹn ná wọn.

Kí Ló Ṣẹ́ Kù?

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti ṣí pa dà, àmọ́ àwọn ọ̀gá ti rí i pé iṣẹ́ kan wà tí èèyàn lè ṣe nílé. Ìyẹn dùn mọ́ òṣìṣẹ́ tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti sú, àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, iléeṣẹ́ Twitter kéde pé Accra lòun máa fi ṣe ibùdó òun ní Áfíríkà. Àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ṣiṣẹ́ láti ilé fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n ṣí ọ́fíìsì fún wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, lẹ́yìn tí Elon Musk ra iléeṣẹ́ náà, wọ́n fi í-meèlì lé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹ béèrè ẹni tó máa san owó dátà àti iná, ẹ béèrè aago tí iṣẹ́ máa parí, kí ẹ sì gbà á sórí ìwé. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ jọ pín iṣẹ́ ilé kó tó di ìjà. Tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ èyíkéyìí, ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ ló ń ṣe nílò àfipamọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yálà nínú àjọ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ìbéèrè kan ṣì wà tí àwọn ìjọba wa ò tíì dáhùn: tí irú rẹ̀ bá tún dé, ibo ni alábàárù Makola máa wà lórí ìlà àwọn tó máa kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́?