Àpò Òkúta, Owó Ẹyọ àti Àtẹ Ìkànìyàn

Nígbà tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe ìkànìyàn rẹ̀ kẹrin ní 2013, ọjọ́ orí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Kpankou, ní ilẹ̀ Kétu, kò lè sọ ohun kan pàtó títí wọn yóò fi tò ó sínú àtẹ tí ó ń fi ìsọ̀rí hàn, bí ọdún 0 sí 4 àti 5 sí 9, tí ó sì ń fi iye ènìyàn tí ó bọ́ sí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan hàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìwé a máa wá orísun ọgbọ́n yìí lọ sí London, níbi tí John Graunt ti to àkọsílẹ̀ ikú ní 1662, tí William Playfair tẹ àwòrán ọ̀pá jáde ní 1786, tí Karl Pearson sì wá pe èyí tí ọ̀pá rẹ̀ fara kanra ní histogram.

Ṣùgbọ́n Melville Herskovits, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Dahomey àtijọ́ tí ó jáde ní 1938, kọ ọ́ pé òkúta wẹẹrẹ ni ààfin ọba Dahomey ní Abomey fi ń ka ará ìlú: òkúta kan fún ẹnì kan, àpò ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Àpò ni ìsọ̀rí, òkúta inú rẹ̀ sì ni iye. Ó ṣòro kí ọmọ Kétu tó gbóríyìn fún ìṣirò yìí, nítorí ogun Dahomey ni ó tú Kétu ní 1886, tí ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Owó ẹyọ ni yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí, èyí tí àwọn akówó ń fà ní márùn-ún márùn-ún láti inú òkìtì títí yóò fi pé ogún, tí ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, tí ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Ṣùgbọ́n àfiwé owó ẹyọ yìí kò bá àtẹ mu tán, nítorí òkìtì ogún kò lè ju ogún lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú àtẹ, ìsọ̀rí lè dọ́gba ṣùgbọ́n iye tí ó wà nínú wọn kò ní láti dọ́gba. Àpò òkúta ni ó sún mọ́ àtẹ jù.

Síbẹ̀ kíkà ní márùn-ún márùn-ún kò kúrò nílẹ̀ nínú ìkànìyàn: ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ a máa sọ pé òun jẹ́ ogójì tàbí àádọ́ta, ìsọ̀rí ọlọ́dún márùn-ún a sì dín àṣìṣe náà kù díẹ̀. Lónìí kọ̀ǹpútà ni ó ń ya àtẹ àti àwòrán wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í béèrè ibi tí ìsọ̀rí ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsọ̀rí tí ó fẹ̀ jù ń bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí ó tín-ín-rín jù sì ń tú u ká.