Ọ̀dú Tí Ọmọ Alákijà Kò Mọ̀ Mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Kò ṣòro fún ọmọ ilé-ìwé ní Alákijà láti parí òwe yìí nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ewé ọ̀dú, ewé ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ewé yánrin síwájú rẹ̀, tí a ní kí ó tọ́ka sí ọ̀dú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti dojú rú. Òwe kù nílẹ̀, ewé ń lọ.

Kò yẹ kí a dá ọmọ náà lẹ́bi. Ilẹ̀ Àwórì ni Alákijà, lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì. Nígbà tí ìjọba kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ agbègbè náà. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ ayé: ní 1976, bí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́, ni ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò OFN kalẹ̀, pé kí oníkálùkù gbin ohun tí yóò jẹ.

Ní 1987 ìjọba fòfin de àlìkámà òkè òkun. Ní 1992 wọ́n tú òfin náà ká. Lójú tèmi, ọdún wọ̀nyẹn ni ìbá kọ́ wa lọ́gbọ́n, àmọ́ gẹ́rẹ́ tí ọ̀nà ṣí ni a padà sídìí búrẹ́dì. Owó àlìkámà kì í dúró ní àdúgbò. Owó tí a fi ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò a máa yí po láàárín wa: òun náà yóò fi ra gààrì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, yóò sì fi san owó ilé-ìwé ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú worowo. Abẹ́ òjìji igi kòkó àti obì ni ó ti ń gbilẹ̀. Bí a bá gé oko kòkó, worowo a bá a lọ. Síbẹ̀, ìfẹ́ òjìji yìí gan-an ni ó mú un yẹ fún Alákijà, níbi tí ògiri ilé kan ti ń ṣíji bo èkejì. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gé gbìn, kò béèrè irúgbìn rírà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmúnútutù, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbúre kò tilẹ̀ fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀. Àpò tàbí korobá tí ó ti fọ́ tó wọn. Kìkì pé kí a má ṣe fi omi gọ́tà bomi rin wọ́n, kí a má sì gbìn wọ́n sétí títì níbi tí èéfín mọ́tò ń bà lé.

Láti 2011 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti darapọ̀ mọ́ Yunifásítì Manitoba ti Kánádà láti ṣèwádìí ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni ti Parakou, ní Benin, bá wọn dá sí i. Lára ohun tí wọ́n fi kọ́ àgbẹ̀ ni pé kí wọ́n bu ajílẹ̀ díẹ̀ sídìí ewébẹ̀ dípò kí wọ́n máa fọ́n ọn káàkiri.

Sèsé ni tirẹ̀ le. Ó ń fà lórí ọ̀pá bí iṣu, ó ń so ẹ̀wà lókè, ó ń ta nísàlẹ̀, ó sì ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lórí iná, ta ni yóò sì jó odidi gáàsì nítorí ìkòkò ẹ̀wà kan? Ìyàwó ilé tí ó pa á tì kò ṣẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí wọ́n tó gbé e kaná, ìyẹn sì ń dín àkókò kù.

Ní IITA, ibùdó ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wọ́n tọ́jú irúgbìn sèsé àti ẹ̀pà-roro pẹ̀lú oríṣi ẹ̀wà tí ó lé ní 15,000. Ní 2008 wọ́n kó lára irúgbìn wọn, ẹ̀pà-roro wà níbẹ̀, lọ sí Svalbard ní Norway, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú òkè oníyìnyín. IITA a máa fún ẹni tí ó bá kọ̀wé béèrè ní irúgbìn. Ilé-ìwé Alákijà tí ó bá ní ọgbà, kí olùkọ́ rẹ̀ mú kálámù.