Bí Iye Ènìyàn Ṣe Di Òṣùwọ̀n Ọ̀nà Abúlé ní Íńdíà

Ní ìgbèríko Íńdíà, iye ènìyàn tí wọ́n kà ní abúlé ló sábà máa ń sọ bóyá ìjọba àpapọ̀ yóò la ọ̀nà débẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni ìjọba Atal Bihari Vajpayee dá ètò Pradhan Mantri Gram Sadak Yojana sílẹ̀. Nínú nǹkan bí 825,000 ibùgbé ìgbèríko nígbà náà, bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Owó tí wọ́n ń yọ lórí dísẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ gbójú lé, kò sì lè kárí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ni wọ́n bá tò wọ́n sí ìlà: àwọn tó ní 1,000 ènìyàn ṣáájú, àwọn tó ní 500 tẹ̀ lé e. Lórí òkè, nínú aṣálẹ̀ àti nílẹ̀ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀, 250 ti tó. Ìkànìyàn ọdún 2001 ni wọ́n wò. Abúlé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ka 490 ènìyàn níbẹ̀ kò sí lórí ìlà, àfi bí ibùgbé mìíràn bá wà nítòsí tí wọ́n lè kà pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun tó bí òfin yìí kò burú. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ilé àna olóṣèlú ni ọ̀nà máa kọ́kọ́ gbà. Iye ènìyàn ṣeé yẹ̀ wò, mẹ̀kúnnù sì lè fi jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kíka orí kò sọ ohun tí àìsí ọ̀nà ń fi ojú ènìyàn rí. Ẹ wo Gehlaur ní ìpínlẹ̀ Bihar. Òkè àpáta ló dúró láàárín abúlé náà àti ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn tí ìyàwó Dashrath Manjhi, alágbàṣe kan níbẹ̀, kú, ọkùnrin náà mú òòlù àti irin ṣóńṣó, ó sì ń fọ́ àpáta náà fún ọdún 22, láti 1960 dé 1982. Ọ̀nà tó là kò ju 110 mítà lọ ní gígùn, síbẹ̀ ìrìn kìlómítà 55 láàárín agbègbè Atri àti Wazirganj wá di 15. Ṣé iye ènìyàn ló sọ bí ọ̀nà yẹn ti ṣe pàtàkì tó? Ìdíwọ́ àti jíjìnnà ni.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Abúlé tí ọkọ̀ kò dé ni ọ̀dọ́ ń sá kúrò. Bí wọ́n bá ti ń lọ, iye tí ìjọba fẹ́ kà ń dín kù. Ìyẹn ni pé àìlọ́nà lè di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń kọ̀ láti la ọ̀nà. Ìkànìyàn pàápàá ń gbó: nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìpele kẹrin ètò náà lọ́dún 2024, fún bí 25,000 ibùgbé, ti ọdún 2011 ni wọ́n ṣì ń lò, nítorí pé èyí tó yẹ kó wáyé lọ́dún 2021 kò wáyé.

Àwọn kan yóò ní ìfowóṣòfò ni láti la ọ̀nà dé abúlé kékeré. Wọ́n lè tọ́ka sí iṣẹ́ ìwádìí Sam Asher àti Paul Novosad tó jáde lọ́dún 2020: ọ̀nà tuntun mú kí àwọn òṣìṣẹ́ fi oko sílẹ̀ wá iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n irè oko àti owó tó ń wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Mo gba àbájáde náà gbọ́. Àmọ́ ta ló ní torí àgbàdo nìkan la ṣe ń la ọ̀nà? Àwọn méjì yìí kan náà, pẹ̀lú Anjali Adukia, rí i pé ọmọ tó ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ sí i níbi tí ọ̀nà dé. Aboyún tí ọmọ ń mú lóru kò sì sí nínú ìṣirò irè oko.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ṣòro. Ìwé ìkànìyàn Íńdíà fúnra rẹ̀ ń kọ bí abúlé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ibùdó bọ́ọ̀sì àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀. Kí wọ́n fi èyí kún òṣùwọ̀n, kí abúlé kékeré tó jìnnà lè ṣáájú èyí tó tóbi tó sì súnmọ́ ilé ìwòsàn.