Ẹ̀tọ́ Awakọ̀ àti Agbẹ́rù Orí Áàpù ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Nígbà tí ènìyàn bá forúkọ sílẹ̀ láti máa fi áàpù gbé èrò, tàbí láti máa fi alùpùpù gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà, ìwé àdéhùn gígùn kan máa ń yọ lójú fóònù rẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pé àwọn gbà. Inú ìwé yìí ni wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ sí pé ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ni onítọ̀hún, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà.

Gbólóhùn yìí ní agbára. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sínú àpò kan, láìyọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, kí a lè fi tọ́jú ẹni tó farapa, kí ẹbí ẹni tó kú sì rí nǹkan gbà. Òfin náà ka òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ mọ́ ọn, àní ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ná. Ní ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà kò rí ẹ̀rí tó tó láti pe àwọn awakọ̀ tó pe Uber lẹ́jọ́ ní òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa ìwé àdéhùn yín rẹ́, ẹ má sì pa àkọsílẹ̀ owó tí ẹ gbà àti ìjìyà tí áàpù fi jẹ yín rẹ́.

Àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn wà tí kò bìkítà fún orúkọ tí àdéhùn bá pè yín. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò tíì gbọ́ wà nínú òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni. Awakọ̀ lè jí láàárọ̀ kó rí i pé wọ́n ti ti àkántì òun pa, láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe ìpinnu náà, abala 37 òfin yìí fún un láyè láti béèrè pé kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kó sọ tẹnu rẹ̀, kó sì ta ko ìpinnu náà. Ẹ fi lẹ́tà tàbí í-meèlì béèrè, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ní ti ìlera, ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní Èkó lè dá forúkọ sílẹ̀ nínú ètò ILERA EKO. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 náà gba ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ láyè láti máa fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Abala 40 ìwé òfin orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí dídarapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ sì ti fọwọ́ sí ẹgbẹ́ AUATWON, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà orí áàpù, láti ọdún 2023.

Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lórí owó tàbí àdéhùn, Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń bá aráàlú parí ìjà láìgba owó. Bí ó bá di ti ilé ẹjọ́, tí kò sì sí owó agbẹjọ́rò, ẹ lọ sí Office of the Public Defender, kí ẹ sì mú àwọn ìwé yín dání.