Pobè àti Sakété: bí ojú ọ̀nà ṣe di etí ààlà



Tí ẹ bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Bénin sílẹ̀ wò, etí pátápátá ni Pobè àti Sakété wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nàìjíríà. Bóyá ìyẹn ló fà á tí àwọn ọmọ wa kan tó lọ kàwé ní Cotonou fi máa ń sọ pé ìpẹ̀kun ilẹ̀ làwọn ti wá, pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí àwọn baba wa tẹ ilẹ̀ yìí dó, ojú ọ̀nà ló wà. Àwọn mìíràn ló wá fa ìlà tó sọ ọ́ di etí. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń kan ọjà wa àti àpò wa títí dòní.

Ibi tí a wà

Département Plateau là ń gbé. Commune márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: Pobè, Sakété, Kétou, Adja-Ouèrè àti Ifangni. Abẹ́ Ouémé ni gbogbo wa wà tẹ́lẹ̀. Òfin ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ló yà wá sọ́tọ̀, nígbà tó sì di 2016, ìjọba fi Pobè ṣe olú ìlú département. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2013, àwa ará Plateau lé ní 620.000. Nínú wa, àwọn tó wà ní commune Pobè lé ní 120.000, ti Sakété sì lé ní 110.000.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe oríṣi kan. Láti Sakété dé Pobè, ilẹ̀ pupa ló pọ̀ jù, èyí tí omi òjò máa ń wọ̀ dáadáa, tí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba ọ̀nà Issaba lọ, ẹ ó bá ilẹ̀ dúdú pàdé. Tí òjò bá rọ̀, á di ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á le bí òkúta, á sì sán. Ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí nìyẹn, àwọn tí Faransé ń pè ní Holli. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ méjèèjì yìí yóò lóye ìtàn tó kù.

Nígbà tí ilẹ̀ wa jẹ́ ojú ọ̀nà

Nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣì lágbára, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò rẹ̀ ń gbà lọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, agbègbè wa ló gbà kọjá. Ẹrù ń kọjá níbẹ̀, ó sì dunni láti sọ pé ẹrú náà ń kọjá, tí wọ́n ń kó lọ tà fún àwọn òyìnbó létí òkun. Ọ̀yọ́ fi àwọn èèyàn dó sí ojú ọ̀nà náà kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Àwọn Ìfọ̀nyìn wà lára wọn. Orúkọ wọn náà ni Faransé kọ ní Ifangni.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ wó, ogun Dànhòmẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ agbègbè wa lẹ́nu. Ní 1886 ni wọ́n fọ́ Kétou, tí wọ́n kó àwọn ará ìlú lọ sí ìgbèkùn. Ní ti àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹrẹ̀ dúdú yẹn ni odi ìlú wọn. Ọmọ ogun tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé, báwo ni yóò ṣe wọlé?

Ìlà tí wọ́n fà ní Paris

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní Paris láti pín ilẹ̀ láàárín ara wọn. Kétou, Pobè, Sakété àti Ifangni bọ́ sọ́wọ́ Faransé; Ìmẹ̀kọ, Ìlarò àti Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́ ọba Kétou ni Ìmẹ̀kọ wà. Ìlú Ìlárá pàápàá, ìlà yẹn pín in sí méjì: apá kan ní Bénin, apá kan ní Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Faransé níléèwé, àbúrò ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí wọ́n bá pàdé níbi òkú ìyá wọn, Yorùbá ni wọ́n á sọ.

Àwọn baba wa kò dákẹ́. Láti 1899 ni ìjọba Faransé ti ń gba owó orí, wọ́n sì ń fipá mú èèyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìsanwó. Ní 1905, Sakété dìde, wọ́n sì pa òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kan. Ní 1914 sí 1915, nígbà tí ogun àgbáyé dé, tí wọ́n tún ń wá ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n á kó lọ sójú ogun, àwọn Ọ̀họ̀rí náà dìde. Ìjọba fi ọmọ ogun tẹ̀ wọ́n rì. Àwọn mìíràn kò bá wọn jà. Wọ́n kàn di ẹrù wọn lóru, wọ́n kọjá sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa tó ní ilé ní ìhà méjèèjì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe tó jáde.

Ọ̀pẹ tó gbé wa ró

Kí ni Faransé ń wá lọ́dọ̀ wa? Epo àti ekùrọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi la ojú irin láti Porto-Novo kọjá Sakété dé Pobè ṣáájú ogun àgbáyé kìíní. Rélùwéè náà ti kú báyìí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣì lè fi ibi tó gbà hàn yín.

Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èso ọ̀pẹ tuntun jáde. Wọ́n á fi ọ̀pẹ tí eésan ẹyìn rẹ̀ nípọn bá èyí tí kò ní eésan lò pọ̀; ọmọ tí wọ́n bí á ní eésan fẹ́lẹ́, ẹran ara rẹ̀ á pọ̀, epo á sì pọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe ṣa ẹyìn tó já sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ tuntun yìí kí ẹ tún gbìn ín. Tí òun àti irú rẹ̀ bá gba ara wọn, nínú ọmọ mẹ́rin, méjì péré ló máa ń jọ òun fúnra rẹ̀. Ọ̀kan á padà di eléésan nípọn, ọ̀kan tó kù kì í sábà so nǹkan gidi. Ẹ ó ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti ṣòfò.

Ààlà ṣí, ààlà tì

Lẹ́yìn òmìnira 1960, ìhà méjèèjì ṣì ń bá ara wọn ṣe. Bénin àti Nàìjíríà jọ kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sí Onigbolo, nínú commune Pobè, torí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe é wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Láti 2007, iná mànàmáná tí Bénin ń rà lọ́wọ́ Nàìjíríà, wáyà ńlá tó wọ Sakété ló ń gbé e wọlé. Àbí ẹ rí i? Ìlú tí wọ́n ń pè ní etí ni iná tí orílẹ̀-èdè ń rà lọ́wọ́ Nàìjíríà ń gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbára lé ẹnu ọ̀nà, ọjọ́ tí wọ́n bá tì í ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ààlà pa. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Àgbàdo àti ọ̀pẹ òyìnbó jẹrà sọ́wọ́ àwọn obìnrin wa. Ní 2023, nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo mọ́tò, kpayo gbówó lórí láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó zém sì tẹ̀ lé e.

Kí la ó fi ìtàn yìí ṣe?

Àwa Nàgó, Ọ̀họ̀rí, Tori, Ègùn, Fọ̀n àti Fúlàní la jọ ń gbé ilẹ̀ yìí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé láti 2001, orúkọ Bénin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìlà 1889 kò lè pín in.

Ṣùgbọ́n ìlà náà wà, ìwé ló sì fi ń dá èèyàn mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìhà ọ̀hún tó wá dàgbà ní ìhà ìhín láìní acte de naissance, ìdánwò CEP ni yóò kọ́kọ́ dí i lọ́nà. Ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní mairie kíákíá. Ẹ sì jókòó ti àwọn àgbà tó mọ ààlà oko àti orúkọ àwọn tó bá wa tan lọ́hùn-ún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Àwọn tó fa ìlà yẹn ní ìwé lọ́wọ́. Ó yẹ kí àwa náà ní tiwa.