Oṣù Mẹ́fà ní Láàbù Ọsibítù, Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ ní Bethesda

Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò, ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn ìwádìí ìṣègùn ń gbà kúrò ní kíláàsì bọ́ sí ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Èkíní ni ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní IT, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba ń jẹ́ SIWES. Àjọ ITF, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1971, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1973. Èkejì ni ètò ìgbà ooru ti NIH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bethesda ní ìpínlẹ̀ Maryland. Àwọn kan á ní kò yẹ kí á fi wọ́n wéra, torí pé owó tó wà lọ́hùn-ún kò sí níhìn-ín. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí a bá tú àwọn méjèèjì palẹ̀, ìjọra wọn pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

IT kì í ṣe ohun tí ọmọ ń yàn. Ẹni tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìrí tàbí nípa kẹ́mísìrì ara gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó gboyè; ẹni tí máàkì rẹ̀ ga ń lọ, ẹni tó ń ti ara rẹ̀ bọ̀ náà ń lọ. NIH kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wù ló ń kọ̀wé, ẹni tí wọ́n bá mú ló ń wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Maryland lè gbìyànjú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní fásitì n'Ìbàdàn kò lè dán an wò. Ìkan ń kó gbogbo ọmọ, ìkan ń ṣa ọmọ. Ẹni tó bá ní ṣíṣà ló dára jù, kó rántí iye ọmọ tí kò ní mọ̀ láéláé pé ọwọ́ òun dára nídìí iṣẹ́ láàbù bí wọn kò bá tì í wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kíkó ló dára jù, kó rántí iye ọmọ tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàbù, tó ń tẹ fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ibi tí ìjọra ti kọ́kọ́ yọ nìyí: àwọn méjèèjì ló fi wíwá ọ̀gá sí ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ á fún ọmọ IT ní lẹ́tà, òun ló máa gbé e káàkiri. "Ẹ káàsán mà, ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ibi tí mo ti máa ṣe IT." "Ah, a ti gba tọdún yìí o." Ọsibítù mìíràn ló kàn. Ní NIH, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni ọmọ ń kọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá láàbù kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ka iṣẹ́ tí ọ̀gá kan ti tẹ̀ jáde, tó sì kọ íméèlì tó mọ́gbọ́n dání sí i, ti ṣíwájú ẹni tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, tó ń retí. Ibi méjèèjì náà ni ọmọ ẹni tó mọ inú ilé ti ń rọ́nà lọ: ọmọ mátírọ́ọ̀nù mọ láàbù tí àyè ṣì wà, ọmọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ ẹni tó yẹ kó kọ̀wé sí.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Ẹ wo ọmọ IT kan nídìí àyẹ̀wò ibà. Ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi igun gíláàsì mìíràn rà á kó nípọn níwọ̀n, ó jẹ́ kó gbẹ, ó da aró Giemsa lé e, ó fi omi ṣàn án. Ó kán òróró sí i, ó ti awò abẹ́ máíkírósíkóòpù bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kòkòrò ibà, tó ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi pé 200. Bó bá ti parí rẹ̀, òmíràn ti wà nílẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ (PCV) wà níbẹ̀, obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n sì wà ní kọ́ridọ̀, tó ń retí èsì kí dókítà tó lè kọ oògùn. Láàárín oṣù mẹ́fà, ojú ọmọ yìí á mú débi pé ó máa mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti ìdọ̀tí aró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ti Bethesda máa ń jẹ́. Ó lè jẹ́ pé: bí a bá dá iṣẹ́ pírótéènì báyìí dúró, kí ni sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ á mú pípẹ́ẹ̀tì, á máa pín omi tí kò tó ìkán òjò kan sínú abọ́ pẹlẹbẹ oníhò 96, ohun kan náà sí ihò mẹ́ta-mẹ́ta kí àṣìṣe ọwọ́ lè hàn. Ó lè kùnà ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó tún kùnà ní ìkejì. Kò sí aláìsàn tó ń retí tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì láyè láti béèrè ìdí tó fi kùnà. Ọmọ IT kò sábà ní irú àyè yìí. Ohun tí òun ní ni pé bí ó bá ṣìṣe, ó mọ ẹni tí àṣìṣe náà máa dé bá. Ìkan ń kọ́ ọmọ láti béèrè, ìkan ń kọ́ ọ láti dáhùn kí ìdáhùn rẹ̀ sì ṣeé gbára lé. N kò rí èyí tí mo lè pè ní ẹ̀kọ́ kékeré nínú wọn.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni kà sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá kọ́ ló sábà ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ní Bethesda, ọ̀mọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, tó ń wá ọ̀nà tirẹ̀, ló ń dúró tì í. Ní ọsibítù wa, àǹtí láàbù tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ ni. Àwọn méjèèjì ló ń fi àsìkò ara wọn ṣe é, ètò méjèèjì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rántí wọn nígbà ọpẹ́.

Ní ti owó, NIH ń san án lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí ipele ẹ̀kọ́ ọmọ ṣe tó. Ajẹmọ́nú SIWES ń bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ fọ́ọ̀mù ITF tí wọ́n ń pè ní Form 8, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni okùn méjèèjì wà. Ní 2025, NIH fagi lé ètò ìgbà ooru ọdún náà. Ilé tó lówó náà lè ti ilẹ̀kùn.

Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti yàtọ̀ jù lójú mi. Ọmọ IT ń kọ logbook lójoojúmọ́, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, á lu òǹtẹ̀. Ọmọ NIH á ya iṣẹ́ rẹ̀ sórí pósítà ńlá kan lópin ìgbà ooru, á dúró tì í, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á sì bi í ní ìbéèrè. Logbook ń sọ ohun tí ọmọ ṣe. Pósítà ń sọ ohun tó rí. Ẹni tó kọ logbook dáadáa kò lè purọ́ nípa ọjọ́ tó lọ lásán, pósítà sì lè bo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ yé ẹni tó dúró ti pósítà kó tó lè yé ẹlòmíràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé láàbù ọsibítù kéré jù láti bí ìwádìí, kó wo orísun NIH fúnra rẹ̀. Ní 1887, yàrá kan ṣoṣo ni, nínú ọsibítù àwọn atukọ̀ ní Staten Island, níbi tí Dókítà Joseph Kinyoun ti ń fi máíkírósíkóòpù wá kòkòrò onígbáméjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tó ń bójú tó IT ní àwọn fásitì wa: láti oṣù kẹta, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan jáde láti inú logbook rẹ̀, kí ó máa tọ̀ ọ́ títí dé òpin, kí ẹ sì yan ọjọ́ kan tí gbogbo wọn máa dúró ti iṣẹ́ wọn níwájú èèyàn. Páálí àti gègé ti tó fún pósítà. Kí ẹ pe àwọn àǹtí láàbù náà wá síbẹ̀.